Ìwọ̀n Tí Kò Ní Ààbọ̀

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo kí yín láti ẹ̀yìn tábìlì tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo ká bébà sábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ ò ní lè sùn.

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn fóònù, ẹ ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù kì í parí gbólóhùn. Ó dáa, lẹ́tà nìyí, mo máa parí gbogbo gbólóhùn mi.

Iṣẹ́ olùkọ́ tí mo gbà níbí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nípa ohun tí mo ń kọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú. A máa ń kó nọ́ńbà jọ, bóyá iye òjò tó rọ̀ tàbí bí àwọn ọmọ ṣe ga tó. A ó kó o sínú kọ̀ǹpútà, a ó kọ àṣẹ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò sì ya àwòrán kí ojú lè rí ohun tí àwọn nọ́ńbà náà ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ní. Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi láti fi kọ́ wọn, ti òdòdó ni: bí ewé òdòdó ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, òdòdó ṣáá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mẹ́rin ti ń sùn. Ọ̀kan ń hanrun, àsìkò yẹn gan-an sì ni ọ̀gá ẹ̀ka wa yọjú wọlé.

Mo wá rántí ìwé ìwọ̀n yín. Láti ọdún márùndínlógójì tí ẹ ti ń wọn èèyàn, ẹ kò ju ìwé kan nù rí. Mo fẹ́ fi kọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi méjì ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kún.

Ohun kejì ni ojú yín. Nígbà tí mo wá sílé lọ́dún tó kọjá, mo wò yín bí ẹ ṣe ń fi òwú gún ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ títí tíì yín fi tutù. Mo bẹ̀ yín kí ẹ lọ rí dókítà ojú, ẹ ní lọ́jọ́ Ajé. Ajé wo ni, Bàbá? Mi ò lè ka iye Ajé tó ti kọjá láti ìgbà náà, kíka nǹkan sì ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Abẹ́rẹ́ mi,

Orí ìdúró ni mo ti ka ìwé rẹ. Inú mi dùn débi pé mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ.

Nígbà tí o kọ iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ tí o ní ìwé lo fẹ́ kà, mi ò bá ọ jà. Mo kàn sọ fún ìyá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, pé ọmọ yìí máa padà sídìí téèpù. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Wò ó báyìí: ọmọ mi ń fi ìwé ìwọ̀n mi kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní iṣẹ́ télọ̀. Mo sọ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì ti sọ fún gbogbo òpópónà kí búrẹ́dì àárọ̀ tó tutù.

Mo ti fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́. Ohun tí wàá sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ nìyí. Kí oníkálukú ra àlùmágàjí tirẹ̀, kí wọ́n má fi gé bébà, bébà máa ń ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi òwú fẹ́ẹ́rẹ́ so aṣọ pọ̀ kí wọ́n tó rán an gan-an, kó lè rọrùn láti tú. Ẹni tó bá ń hanrun nídìí máṣíìnì, fi í sílẹ̀, abẹ́rẹ́ máa jí i. Ní ti òdòdó tí wọ́n ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ta ló gbà yín nímọ̀ràn yẹn? Òdòdó dáa lára aṣọ obìnrin, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ká rán ìlà kó tọ́ ni. Abájọ tí wọ́n fi ń sùn.

Ojú mi dá ṣáká. Mo ń wo fọ́tò rẹ lára ògiri báyìí, mo sì rí i pé o ti rù.

Iṣẹ́ ńlá kan wọlé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní kí n rán ẹ̀wù fún akọrin ogójì, kí gbogbo rẹ̀ ṣe déédéé ara wọn, wọ́n máa wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹrin nígbà tí ẹgbẹ́ wọn bá pé àádọ́ta ọdún. Aṣọ tí wọ́n kó wá kò tó èyí tí mo lè gé ṣòfò. Tí mo bá lọ jókòó sọ́dọ̀ dókítà ojú láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo òpópónà á ti gbọ́. Ta ló máa gbé aṣọ fún télọ̀ tí kò ríran? Ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ní, Abẹ́rẹ́. Jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ojú sílẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Ìwé méjèèjì dé láyọ̀. Òórùn epo máṣíìnì àti ṣọ́ọ̀kì yín wà lára wọn, mo gbé wọn símú fún ìgbà díẹ̀ kí n tó gbé wọn wọ kíláàsì.

Kì í ṣe ìránṣọ ni mo ń kọ́ wọn. Kò sí máṣíìnì ìránṣọ kankan nínú gbogbo ilé yìí, kọ̀ǹpútà ló wà ńbẹ̀. Mo kó àwọn nọ́ńbà inú ìwé yín sínú kọ̀ǹpútà, mo yọ gbogbo orúkọ kúrò, àwọn ọmọ sì fi ya àwòrán tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Àmì róbótó kọ̀ọ̀kan, oníbàárà kan ni. Bí àmì bá ṣe lọ sápá ọ̀tún tó, bẹ́ẹ̀ ni àyà ẹni náà ṣe fẹ̀ tó. Bó bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbàdí rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Kò sẹ́ni tó sùn, Bàbá. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Tí ọmọ kan bá gbàgbé kọ́mà kan ṣoṣo nínú àṣẹ tó kọ, kọ̀ǹpútà á dá a dúró, á sì kọ ọ̀rọ̀ pupa sí i. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń kọ ogún ìlà kí wọ́n tó dán an wò, gbogbo rẹ̀ á wá dàrú. Mo sọ ọ̀rọ̀ òwú fẹ́ẹ́rẹ́ yín fún wọn, pé kí wọ́n dán ìlà kọ̀ọ̀kan wò ná. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Téèpù ni wọ́n ń pè yín.

Ohun kan ṣoṣo ló rú wa lójú. Àwọn obìnrin tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́, tí wọ́n tún wà nínú èyí tó kẹ́yìn, ìbàdí wọn kò fi ààbọ̀ íńṣì yí padà ní ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ kan ní kí n bi yín léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ìyá òun fẹ́ mọ̀.

Fọ́tò mi tí ẹ wò tí ẹ fi ní mo ti rù, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án lára ògiri yẹn. Ẹ lọ rí dókítà.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

O rí i pé mi ò pè ọ́ ní Abẹ́rẹ́.

Mo ti sọ fún gbogbo òpópónà pé ìránṣọ lò ń kọ́ni. Ó yẹ kí n padà lọ bá wọn, kí n ní rárá o, ìbàdí yín ló ń yà. Mi ò tíì lọ. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bọ́ kóòtù níwájú télọ̀, tó na apá méjèèjì sílẹ̀, ó ti fọkàn tán ẹni náà. Ìwọ̀n èèyàn kì í jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. O ní o yọ orúkọ wọn. Kí lo yọ gan-an? Mo tẹ́ àwòrán rẹ sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, mo sì mọ gbogbo wọn. Àmì tó dá wà lókè pátápátá lápá ọ̀tún, ọ̀gá ilé ìwé ni. Méjì tó gun ara wọn, àwọn ìbejì tó ń tún bàtà ṣe ni. Èyí tó wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí, ìwọ ni, nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá tí a fi sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́.

Mo wá gbàgbé bébà náà sórí tábìlì. Ìyá Oníbúrẹ́dì wọlé, ó ní kí nìyí. Irọ́ tó dáa kì í tètè wá sí mi lẹ́nu, mo bá sọ òtítọ́. Ó ní kí n fi àmì tòun han òun. Kí ni kí n ṣe? Ìtòsí ọ̀gá ilé ìwé ni tirẹ̀ wà. Mo fi ìka lé ọ̀kan tó wà láàárín, tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó sì jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti tò sẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú ń wá àmì tirẹ̀. Àmì kan ṣoṣo tó wà láàárín yẹn, mo ti fún èèyàn mọ́kànlá.

Ìbéèrè tí ìyá ọmọ yẹn bi, ẹ̀yin ni ẹ kò mọ ìwé kà. Ṣé ẹ kò rí ẹ̀kán kékeré lábẹ́ àwọn nọ́ńbà náà? Yíńkì kọ́ ló kán síbẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń yọrùn wo ohun tí mò ń kọ. Tí obìnrin bá rí nọ́ńbà tí kò wù ú, ọjọ́ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, á ní kí n tún un wọ̀n. Nítorí náà, èyí tó wù ú ni mo ń kọ. Ẹ̀kán kan lábẹ́ rẹ̀, fi íńṣì méjì kún un. Ẹ̀kán méjì, fi mẹ́rin kún un. Àwọn ọkùnrin náà wà ńbẹ̀, má tan ara rẹ jẹ. Orí ìyá rẹ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ojú, mo ti dá ọ lóhùn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ má bínú nípa àwọn oníbàárà yín. Mo ti kó àwòrán náà kúrò lára ògiri kíláàsì, a sì ti ká a pa mọ́. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀kán fún àwọn ọmọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ fún wọn pé kí wọ́n bi ẹni tó kọ nọ́ńbà léèrè kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Lẹ́tà yín kan ṣe é fún mi. A fi íńṣì yín kún un, gbogbo òpópónà sì sanra lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín mọ nìyẹn.

Ọmọ tó ń hanrun nígbà òdòdó ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ka iye ìgbà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fara hàn, kó sì fi ṣe òpó. Bí nọ́ńbà bá ṣe wọ́pọ̀ tó ni òpó rẹ̀ máa ga tó. Nínú ìwé àtijọ́, òpó wà fún gbogbo rẹ̀: méjìlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n ààbọ̀, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, wọ́n tò tímọ́tímọ́. Nínú ìwé tuntun, láti bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ààbọ̀ ti pòórá. Ní ọdún tó kẹ́yìn, àwọn nọ́ńbà fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ọgbọ̀n wà, márùndínlógójì wà, ogójì wà, márùndínláàádọ́ta wà, àárín wọn ṣófo bí ẹnu ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Ọmọ náà ní, "Ṣé márùn-ún márùn-ún ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń sanra ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ téèpù yín. Gbogbo íńṣì márùn-ún ni ẹ fi yíńkì dúdú la ìlà gbàǹgbà sí. Bàbá, ìlà yẹn nìkan ni ẹ ń rí. Ẹ ń fi ọwọ́ méfò ìyókù.

Mo sọ fún kíláàsì pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe nígbà tí mo ń kó nọ́ńbà wọlé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ yín. Mi ò tíì parọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ rí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gé aṣọ àwọn akọrin. Tí ẹ bá gé ogójì ẹ̀wù pẹ̀lú ojú yìí, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù lọ́dọ̀ dókítà, ìṣojú gbogbo ìjọ ló ti máa ṣẹlẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé. Ara wa le. Atẹ́gùn ń fẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kí n kí ọ. Wọ́n ti kun ilé ìwé ní ọ̀dà tuntun, àwọ̀ rẹ̀ kò dáa.

Ẹni tó ń sùn ní kíláàsì, kí ló mọ̀ nípa téèpù mi? Sọ fún un kó padà sùn.

Mo máa gé aṣọ àwọn akọrin ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo ń bínú, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ń bínú. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta sí yín nípa ojú yín, ẹ dá mi lóhùn nípa ọ̀dà.

Mi ò ní bẹ̀ yín mọ́. Ohun tí mo máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ni kí ẹ ṣe. Ẹ wọn tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan: láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì wo ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kò ní rí ẹnikẹ́ni tó máa yọrùn wò yín, torí náà ẹ má fi ẹ̀kán kankan sábẹ́ rẹ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, ẹ gé aṣọ yín, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ ojú mọ́ títí ayé.

Mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lọ́nà tó yá jù, kó lè bá yín kí ẹ tó gbé àlùmágàjí.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín ju bí mo ṣe ń bínú lọ, àmọ́ díẹ̀ báyìí ló fi jù ú.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́ mi,

Àárọ̀, mọ́kàndínláàádọ́rin. Ọ̀sán, méjìléláàádọ́rin. Ìrọ̀lẹ́, àádọ́rin.

Mo kọ́kọ́ ní tábìlì náà ló ń wú. Mo ní bóyá ooru ni. Mo wá ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí àpótí, ẹ̀rù sì bà mí, mi ò ní fi í pa mọ́ fún ọ. Mo ti mọ̀ láti ọdún mẹ́rin. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá fẹnu ara mi sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Mo lọ bá dókítà. Ó ní kí n ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, mo bi í léèrè pé ògiri wo. Ó ní nǹkan kan ti bo ẹyinjú mi méjèèjì, ó funfun, ó sì ṣeé yọ. Wọ́n yọ ti ọ̀tún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n yọ ti òsì. Mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá akọrin pé kó ní sùúrù fún mi. Ó ní òun ti ń retí kí n sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Mi ò bi í léèrè ìdí.

Ọjọ́ tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo èèyàn. Ọ̀gá ilé ìwé kọjá nínú kóòtù tí mo rán fún un. Kọ́là rẹ̀ yí sápá kan. Ìyá Oníbúrẹ́dì jáde wá kí mi, àpò ẹ̀wù rẹ̀ kan wà ní ìbàdí, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abíyá. Àwọn ìbejì kọjá, ẹsẹ̀ ṣòkòtò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gígùn mẹ́rin. Mo jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo òpópónà sì ń wọ àṣìṣe mi kọjá níwájú mi. Wọ́n ti rí i láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n ń gbé aṣọ wá, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́, wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń padà wá. Kò sẹ́ni kankan tó sọ fún mi. Mo sunkún, Abẹ́rẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ sunkún.

Lọ́jọ́ kejì mo ní kí gbogbo wọn kó aṣọ náà wá, kí n tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní kò sí ohun tó ṣe kóòtù òun. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní àpò tó ga yẹn lòun fẹ́ràn jù, kì í jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ òun bọ́ sọnù. Mo gbaná jẹ, wọ́n ní kí n lọ sinmi.

Ẹ̀wù akọrin ti pé ogójì. Mo wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí wọ́n fi ń ráhùn. Ààbọ̀ wà níbẹ̀, ìdá mẹ́rin íńṣì pàápàá wà níbẹ̀. Bá mi kí ọmọ tó rí òpó mi, sọ fún un pé mo dúpẹ́. Kí o sì sọ òtítọ́ fún kíláàsì rẹ, kì í ṣe ìwọ lo ṣe àṣìṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kóòtù aláwọ̀ eérú tí mo rán fún ọ nígbà tí o wá sílé gbẹ̀yìn, pé kí o máa fi kọ́ni, o wọ̀ ọ́ wò níwájú mi, o ní ó bá ọ mu. Má fi ẹ̀kán sábẹ́ èsì rẹ. Báwo ló ṣe rí?

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Apá òsì fi íńṣì méjì ààbọ̀ gùn ju ti ọ̀tún lọ. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ wò níwájú yín. Mo máa ń ká a sókè, mo sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo ti sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ. Mo tún fi àwòrán òpó náà hàn wọ́n, mo ní bàbá mi ni Ọ̀gá Téèpù, ojú rẹ̀ ló ń lọ nígbà náà, àwọn ni wọ́n sì jẹ́ kí n rí i. Ọmọ tó rí òpó náà wá bi mí bóyá kóòtù tí mo wọ̀ yìí wà nínú ìwé. Mo ní ó wà nínú ọdún tó kẹ́yìn.

Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló wọlé pẹ̀lú apá òsì ẹ̀wù wọn ní kíká sókè. Ọ̀gá ẹ̀ka wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n, ó wò mí, ó bi mí léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ní iṣẹ́ kíláàsì ni.

Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ sí mi. Mi ò ní fi kóòtù náà ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́